Ọwọ́ Mélòó Ló Wà Níbẹ̀? Bí A Ṣe Ń Yẹ Ilé Ìtọ́jú Àgbàlagbà Wò ní Amẹ́ríkà

 

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kò sí ẹni tó wà níbí tí kò fẹ́ kí ìyá òun mu ọmú náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ méjì ní Houston tàbí ní Maryland, tí rọpárọsẹ̀ sì dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, mọ̀ pé ìfẹ́ nìkan kò lè máa yí ìyá padà lórí ibùsùn ní wákàtí méjì-méjì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dà bẹ́ẹ̀, ẹbí á pé sórí fóònù, ẹ̀gbọ́n láti Ìbàdàn, àbúrò láti Chicago, wọ́n á máa jiyàn bóyá ó yẹ kí wọ́n gbé Màámi lọ sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tàbí kò yẹ. Èmi kò wá dá ẹjọ́ yẹn. Ẹbí kọ̀ọ̀kan ló mọ ohun tó ń bá a fínra. Ohun tó kàn lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wá sọ: bó bá di dandan, báwo la ṣe máa mọ ilé tó dára yàtọ̀ sí ilé tí wọ́n kàn kùn ní ọ̀dà?

Ohun mẹ́ta ni a lè yẹ̀ wò nípa ilé kọ̀ọ̀kan: iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, bí owó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde, àti ohun tí àwọn olùbẹ̀wò ìjọba kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé wọn kò bára tan. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín lónìí ni pé ojú kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé, ìyẹn iye ọwọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ibi tí owó bá gbà lọ ló ń sọ iye ọwọ́ tí ilé náà máa ní. Iye ọwọ́ ló ń sọ ìtọ́jú tí arúgbó máa rí. Bí ọwọ́ bá sì kéré, kì í pẹ́ tí àmì rẹ̀ yóò fi hàn nínú ìwé olùbẹ̀wò.

Òfin àti ìràwọ̀

Ní 1986, Institute of Medicine gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ìtọ́jú tí wọ́n ń fún àwọn arúgbó ní ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí kò dára rárá. Ní oṣù December 1987, Ààrẹ Ronald Reagan buwọ́ lu òfin tó tún ọ̀rọ̀ náà tò. Òfin yìí ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ de arúgbó mọ́ àga, tàbí kí wọ́n máa fún un ní oògùn oorun nítorí kí iṣẹ́ lè rọ òṣìṣẹ́ lọ́rùn. Ó tún sọ pé kí olùbẹ̀wò yọ sí ilé kọ̀ọ̀kan láìsọ tẹ́lẹ̀, kí àlàfo àbẹ̀wò kan sí èkejì má sì ju oṣù 15 lọ. Ẹni tó bá ta ilé náà lólobó lè san ìtanràn. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní CMS ló ń bójú tó òfin náà. Nǹkan bíi 15,000 ilé ló wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń gbé inú wọn sì lé ní mílíọ̀nù kan.

Láti 2008 ni CMS ti ń fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ń pè ní Care Compare, lẹ ti máa rí i. Ìràwọ̀ wúlò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ohun mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀: àbẹ̀wò, òṣìṣẹ́, àti ipò ìlera àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta yìí, púpọ̀ ló jẹ́ pé ilé fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ ránṣẹ́. Ní ti àbẹ̀wò, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń fi ilé wé ilé: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣíwájú á gba ìràwọ̀ márùn-ún, ìdá ogún tó gbẹ̀yìn á gba ẹyọ kan. Bí gbogbo ilé ìpínlẹ̀ kan bá tilẹ̀ bàjẹ́, àwọn kan á ṣì gba márùn-ún, bí ọmọ tó ṣe ipò kìíní nínú kíláàsì tí gbogbo wọn ti fìdí rẹmi. Nítorí náà, ẹ fi ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi parí.

Iṣẹ́: ẹ ka ọwọ́

Ìwẹ̀, oúnjẹ, ìlédìí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, yíyíni padà lórí ibùsùn: iṣẹ́ wọ̀nyí ló gba ọjọ́ lọ́wọ́ arúgbó, CNA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí CNA kan bá ní ènìyàn 30 láti tọ́jú ní òru, wákàtí mẹ́jọ jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Ìṣẹ́jú 16 péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí CNA náà kò bá jẹun, tí kò sì jókòó rárá. Ẹni tó yẹ kí wọ́n yí padà ní wákàtí méjì-méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, a ò sì tíì ka ọwọ́ fífọ̀, aṣọ tó tutù tí wọ́n máa pààrọ̀, àti agogo tí ẹlòmíràn ń tẹ̀ láti yàrá kejì. CNA náà lè jẹ́ ọmọlúwàbí tí kì í sinmi, egbò ìdùbúlẹ̀ á ṣì dé. Ìṣirò ló fà á, kì í ṣe ìwà.

Ìwádìí tí CMS ṣe ní 2001 sọ pé ó yẹ kí arúgbó kọ̀ọ̀kan rí nǹkan bíi wákàtí 4.1 ìtọ́jú gbà lóòjọ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti CNA lápapọ̀. Òfin àpapọ̀ kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó béèrè ni nọ́ọ̀sì RN (registered nurse) fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, àti nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ tọ̀sán-tòru. Ní 2024, ìjọba Ààrẹ Biden ṣe ìlànà pé kí wákàtí náà má dín ní 3.48, ṣùgbọ́n ní April 2025 ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Texas wọ́gi lé e. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin tiwọn tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí kò bá sí, ojú ẹbí ni ẹ̀ṣọ́.

Ọpẹ́ ni pé láti 2016, ilé kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ máa fi àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí CMS ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tí wọn kò sanwó fún, wọn kò lè kà á mọ́ òṣìṣẹ́. Lórí Care Compare, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́ta: wákàtí ìtọ́jú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, wákàtí òpin ọ̀sẹ̀, àti iye òṣìṣẹ́ tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún. Ilé tí òṣìṣẹ́ ti ń sá lọ, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé Màámi kì í mu omi tútù, tàbí pé ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn ún.

Owó: ta ló ń kó o lọ?

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo owó tiwa. Ọ̀pọ̀ wa rò pé Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, á máa sanwó títí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti gba ìtọ́jú ní ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, Medicare lè san tó ọjọ́ 100. Òun nìkan ló ń san ogún ọjọ́ àkọ́kọ́, láti ọjọ́ 21 aláìsàn á máa dá sí i lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àpò ara ẹni ni, títí owó yóò fi tán, kí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún aláìlówó, tó gbà á. Medicaid ló ń sanwó fún nǹkan bíi ènìyàn mẹ́fà nínú mẹ́wàá tó ń gbé àwọn ilé wọ̀nyí. Òbí tí a fi green card gbé wá láti ilé sì sábà máa ń lo ọdún márùn-ún kó tó lè rí ọ̀kan nínú méjèèjì gbà. Ẹ bi ilé náà kí ẹ tó buwọ́ lùwé: bí owó bá tán, ṣé ẹ ń gba Medicaid, ṣé Màámi á sì wà níbí? Ẹ rántí pé òfin àpapọ̀ kà á léèwọ̀ kí ilé ìtọ́jú fi dandan lé e pé kí ọmọ fi owó ara rẹ̀ ṣe onídùúró kí wọ́n tó gba òbí rẹ̀. Bí ẹ bá rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, ẹ má buwọ́ lù ú.

Ní ti owó ilé náà, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fi owó pamọ́ ni kí olówó ilé máa bá ara rẹ̀ rajà. Ilé ìtọ́jú á máa san owó ilé fún iléeṣẹ́ kan, owó ìṣàkóso fún òmíràn, owó aṣọ fífọ̀ fún ẹ̀kẹta, ẹnì kan náà ló sì ni gbogbo wọn. Lórí ìwé, ilé náà ń pàdánù, kò sì lówó gba CNA kún CNA. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Ashvin Gandhi àti Andrew Olbrich, yẹ ìwé àwọn ilé ní Illinois wò, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà fi nǹkan bíi ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún èrè pamọ́ ní 2019. Ní New York, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, Letitia James, pe iléeṣẹ́ Centers Health Care lẹ́jọ́ ní 2023 lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ní 2024, wọ́n parí rẹ̀ sí mílíọ̀nù 45 dọ́là. New York ti ṣòfin pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọlé gbọdọ̀ lọ sórí ìtọ́jú.

Àpẹẹrẹ tó dùn mí jù ni ti Skyline Healthcare. Orí ilé tí wọ́n ti ń ta pizza ní New Jersey ni ọ́fíìsì wọn wà, síbẹ̀ wọ́n gba ilé tó lé ní ọgọ́rùn-ún káàkiri Amẹ́ríkà. Ní 2018, owó oṣù òṣìṣẹ́ kò jáde mọ́. Ìjọba Kansas, Nebraska àti South Dakota ló sáré gba àwọn ilé náà kí àwọn arúgbó má bàa wà láìní olùtọ́jú. Ẹ wo ibi tí àìsàn owó ti kọ́kọ́ yọjú: owó oṣù ẹni tó ń yí arúgbó padà. Care Compare sọ orúkọ àwọn tó ni ilé kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ wò ó. Bí olówó tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé náà, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ bóyá iye wọn ti dín kù láti ìgbà náà.

Ìwé olùbẹ̀wò

Bí àbẹ̀wò bá parí, wọ́n á kọ àwọn àṣìṣe tí wọ́n rí sínú fọ́ọ̀mù 2567. Òfin ní kí ilé náà gbé èyí tó dé kẹ́yìn síbi tí olùgbé àti àlejò ti lè kà á láìtọrọ. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ló ní lẹ́tà tirẹ̀, láti A dé L. D dé F túmọ̀ sí pé ewu wà nílẹ̀. G dé I, ó ti pa ènìyàn lára. J dé L, ẹ̀mí ènìyàn wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ka iye àṣìṣe nìkan. Ilé tó ní àṣìṣe mẹ́wàá lórí ilé ìdáná àti bébà lè sàn ju ilé tó ní G kan ṣoṣo lórí egbò ìdùbúlẹ̀.

Ohun tí mo máa ń wá ni àṣìṣe tó padà wá. Egbò lọ́dún yìí, egbò léṣìí, ṣíṣubú láàárín wọn, agogo tí wọn kò tètè dáhùn: bí ẹ bá kà wọ́n pọ̀, àìtó ọwọ́ ni gbogbo wọn ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olùbẹ̀wò kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka àbẹ̀wò tó wáyé nítorí ẹ̀sùn pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni ohùn ẹbí ti ń jáde. Láti 2019 ni CMS ti ń fi àmì ọwọ́ pupa sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ilé tí wọ́n ti bá ọ̀rọ̀ ìfìyàjẹni níbẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ilé bá sì wà lórí ìwé Special Focus Facility ti CMS, ó wà lára àwọn tó burú jù ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìwé tó mọ́ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹ̀rí pé ilé dára. Níbi tí olùbẹ̀wò kò bá tó, àbẹ̀wò á pẹ́, àṣìṣe á sì bọ́ lójú wọn.

Ẹsẹ̀ lẹ fi ń parí rẹ̀

Lẹ́yìn ìwé, ẹ lọ fojú rí i. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nígbà oúnjẹ alẹ́. Òfin ní kí wọ́n lẹ iye nọ́ọ̀sì àti CNA ọjọ́ náà mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Ẹ kà á, kí ẹ wá ka ọwọ́ tí ẹ rí. Ẹ wo bí agogo ṣe pẹ́ tó kí ẹnì kan tó dáhùn, ẹ wo ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ti tutù níwájú rẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń bù ú sí i lẹ́nu. Ẹ béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ wọn lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù: arúgbó 12 ló kú ní ilé kan ní Hollywood, Florida, lẹ́yìn ìjì Irma ní 2017, nígbà tí ìjì ba iná tó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù jẹ́. Ẹ béèrè nípa èdè pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ àgbà tí iyè wọn ti ń rá máa ń gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì, tí Yorùbá nìkan á kù lẹ́nu wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni lábẹ́ òfin kí wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ ìtọ́jú wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ẹ̀yin ni ẹ mọ òótọ́ ṣáájú olùbẹ̀wò. Bí iye yín bá dín kù títí ó fi di ewu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ sì fi tó àjọ ìlera ìpínlẹ̀ létí. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní ombudsman tó ń gbèjà àwọn arúgbó, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ̀yin ẹbí, òfin gbà yín láyè láti dá ìgbìmọ̀ ẹbí sílẹ̀ nínú ilé náà, ọ̀gá ilé sì gbọdọ̀ fún yín ní ibi ìpàdé, kó sì dá yín lóhùn.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹgbẹ́ wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, nọ́ọ̀sì kan, oníṣirò owó kan, tí yóò máa bá ẹbí tó bá fẹ́ gbé òbí wọn lọ ka ìwé ilé náà kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. A máa ń dáwó fún òkú tìlù-tìfọn. Ẹ jẹ́ ká fi wákàtí díẹ̀ tọ́jú alààyè. Bí ẹ bá dé ilé tí ẹ ti ka ìwé rẹ̀ tó dára, tí ẹ sì ka ọwọ́ tí ẹ rí i pé kò tó, ẹ mú Màámi padà jáde.