Opera Mini ní Kútọnu
Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ: láyé ìgbà tí fóònù oníbọ́tìnnì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ọjà Dantokpa ní Kútọnu, tí owó íntánẹ́ẹ̀tì sì wọ́n bí ojú, ni Opera Mini, ètò tí a fi ń ṣí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, tí iléeṣẹ́ kan ní Oslo, ní Nọ́wè, gbé jáde fún gbogbo ayé ní 2006, dé. Kì í jẹ́ kí fóònù dá ẹrù rù: ẹ̀rọ ńlá tó wà lókèèrè ni í kọ́kọ́ ṣí ojú-ìwé, tí yóò fún un mọ́ra, kí ó tó fi ìwọ̀nba, tó lè má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ránṣẹ́. Àwòrán a máa ṣú díẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ráhùn, bí dátà tí ìbá tán lọ́sàn-án bá bá a dalẹ́? Chrome, irú ètò bẹ́ẹ̀ ti Google, tí wọ́n ń fi sínú fóònù Android kó tó kúrò níléeṣẹ́, ló wá gba iwájú lẹ́yìn náà.