Ẹ Jẹ́ Kí A Mú Àwọn Ọmọ Wa Dé Oko

(Ọ̀rọ̀ tí Alága bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ìdílé wọn sọ ní ìpàdé àpapọ̀ ọdún, ní Accra)

   

A ti gbọ́ ìròyìn akọ̀wé, a sì ti gbọ́ ti akápò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ fi kún un. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò wa sí oko ni, èyí tí a máa ń lọ nínú oṣù kẹwàá pẹ̀lú àwọn ọmọ, tí àwọn kan nínú wa sì ń fẹ́ kí a pa tì nítorí owó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti ṣẹ̀. Àwọn àbúrò wa tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa ní irú àkókò yẹn. Elégédé ni ó máa ń kún inú àwòrán náà, elégédé pupa, roboto bí ìkòkò, tí ọmọdé jókòó lé, tí bàbá àti ìyá dúró tì í. Wọ́n ní nígbà tí ewé igi bá ń wọ́ lọ́hùn-ún, tí òtútù ń bọ̀, tìdílé-tìdílé ni wọ́n máa ń lọ sí oko lọ mú elégédé, wọn a sì sanwó fún àgbẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀rín ni a fi rín. Elégédé tí ó ń hù fúnra rẹ̀ lórí ààtàn ilé bàbá wa, tí àwọn ìyá wa ń já ewé rẹ̀ ní gbọ̀ọ̀rọ̀ láti fi se ọbẹ̀, òun ni ẹnì kan ń wa mọ́tò lọ wò! Ṣùgbọ́n nígbà tí a rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu wa. Àwọn yẹn ń mú ọmọ wọn dé oko. Àwa tí oko kò jìnnà sí, ta ni ó ti mú ọmọ tirẹ̀ débẹ̀ nínú wa?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Ọlọ́jà ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti gba Makola lọ, a ti gba Kantamanto lọ, a ti gba Kaneshie lọ. Nígbà tí a bá fi máa dé, ọmọ ti sùn. Bí ilé ìwé bá gba ìsinmi, inú ṣọ́ọ̀bù ni a ń mú wọn lọ kí wọ́n lè ràn wá lọ́wọ́. Ọmọ mọ̀ wá bí ẹni tí ń san owó ilé ìwé, kò mọ ibi tí a ti wá. Ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ yìí gbọ́ pé bàbá bàbá òun ní oko kòkó. Ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń gbin kòkó ni?" Kòkó tí ọmọ náà mọ̀ ni èyí tí a ń mu láàárọ̀ ní Accra níbí, ògì gbígbóná tí wọ́n ń tà pẹ̀lú àkàrà tí wọ́n ń pè ní koose. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi bàbá ọmọ náà. Owó kòkó ni wọ́n fi rán òun bàbá lọ sí ilé ìwé.

Bí ìrìn àjò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Sátidé ni a mú, kí ó má baà pa Jímọ̀ àwọn Mùsùlùmí wa lára, kí ó má sì dí ìsìn àwọn Kristẹni lọ́wọ́. Ọkọ̀ méjì ni a háyà. A gba Madina, a gba Adenta, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Akuapem. Bí ọkọ̀ ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń tutù, tí àwọn ọmọ ń yọrí lójú fèrèsé láti wo Accra nísàlẹ̀.

Aburi ni a kọ́kọ́ yà sí. Ọgbà igi tí ìjọba dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1890 ṣì wà títí di òní. Kí ó tó di ọgbà, ilé ìtọ́jú ni wọ́n ti kọ́ síbẹ̀ ní 1875 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó tí ara wọn kò le, nítorí pé òkè náà tutù ju etíkun lọ. Láti inú ọgbà yẹn ni wọ́n ti ń fún àwọn àgbẹ̀ ní ohun ọ̀gbìn, kòkó sì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí bí àwọn ọ̀pẹ gíga ṣe tò ní ìlà méjèèjì ọ̀nà níbẹ̀ yóò mọ̀ pé ẹni tí ó gbin igi kì í gbìn ín fún ara rẹ̀ nìkan.

Láti Aburi a lọ sí Mampong, lórí òkè kan náà. Níbẹ̀ ni oko Tetteh Quarshie wà. Gbogbo wa ni a mọ orúkọ náà nítorí oríta ńlá tí a ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ní Accra, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọmọ etíkun Accra níbí ni, alágbẹ̀dẹ sì ni. Ní 1870, ó rìnrìn àjò lọ ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Fernando Po, tí a ń pè ní Bioko báyìí. Nígbà tí ó ń bọ̀ wálé ní 1876, ó mú irúgbìn kòkó bọ̀, ó sì gbìn ín sí Mampong ní 1879. Àwọn ajíhìnrere òyìnbó ti gbìyànjú kòkó lórí òkè yẹn ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti Tetteh Quarshie ni ó tàn dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1911, kò sí ilẹ̀ kankan láyé tí ó ń kó kòkó jáde tó Gold Coast.

Ẹ jẹ́ kí a fi tiwa tì í. Láàárín ọdún yẹn náà, ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n bí ní Sàró, Captain James Pinson Labulo Davies, gba irúgbìn kòkó láti Fernando Po kan náà, ó sì dá oko sílẹ̀ ní Ijan, lẹ́bàá Agége, ní nǹkan bí 1880. Láti ìhà Agége ni kòkó ti wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Owó rẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ fi dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní 1955. Ẹ wo àwọn méjèèjì dáadáa. Ọ̀kan lọ sí àjò, wọ́n bí èkejì sí àjò. Arìnrìn-àjò bíi tiwa ni wọ́n, ohun tí wọ́n sì mú bọ̀ láti ìdálẹ̀ ni ó bọ́ ilẹ̀ méjì.

A kúrò níbẹ̀, a lọ sí oko àgbẹ̀ kan tí ọmọ ẹgbẹ́ wa mọ̀. Ìgbà ìkórè kòkó gan-an ni. Àwọn ọmọ rí i bí èso kòkó ṣe ń so mọ́ ara igi, kì í ṣe orí ẹ̀ka nìkan. Wọ́n rí i tí wọ́n la èso, wọ́n ka kóró inú ọ̀kan, ó jẹ́ 38. Wọ́n lá omi funfun dídùn tí ó wà lára rẹ̀. Àgbẹ̀ náà fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń kó kóró jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́fà, tí wọ́n ń yí i padà, kí wọ́n tó sá a sórí àtẹ́ ọparun.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa wà pẹ̀lú wa lọ́jọ́ náà. A kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n gba kùmọ̀ kékeré lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà, wọ́n fi lu kòkó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó là sí méjì, kóró kan kò sì bàjẹ́. Àgbẹ̀ náà bi wọ́n ní Twi ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni àwa náà ti gbọ́ ohun tí a kò gbọ́ rí. Inú igbó Brong-Ahafo ni wọ́n bí ìyá yìí sí. Abusa ni bàbá wọn ń ṣe níbẹ̀, èyí ni pé bí wọ́n bá ta kòkó, wọ́n á pín owó sí mẹ́ta, olóko á mú méjì, ẹni tí ń tọ́jú oko á mú ọ̀kan. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969 pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó máa lọ. Ẹ rántí pé oṣù kọkànlá, kòkó wà lórí igi, ó sì wà lórí àtẹ́. Ìyá náà ní kòkó bàbá àwọn kò tíì gbẹ lórí àtẹ́ tí àwọn fi di ẹrù. Láti ìgbà tí wọ́n ti padà wá ṣòwò ní Accra, wọn kò tíì fi ẹsẹ̀ kan oko kòkó rí.

Àgbẹ̀ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní àwọn ènìyàn wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko bàbá òun náà. Lọ́dún tí wọ́n lọ, kò sí ọwọ́ tí yóò ká kòkó, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹrà sórí igi. Kò sí ẹni tí ó bá ẹnikẹ́ni jà. Àwa náà kò gbàgbé pé Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gánà ní 1983. Ó ní kí a jókòó, ó sì ní kí wọ́n gbé omi wá fún wa.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni ti èèpo kòkó. Àwọn ọmọ rí òkìtì rẹ̀, wọ́n bi ìyàwó àgbẹ̀ pé kí ni wọ́n ń fi ṣe. Ó ní wọ́n máa ń sun ún, eérú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe Alata samina. Ọṣẹ dúdú ni ó ń sọ. Samina ni ọṣẹ ní Twi. Alata sì ni wọ́n ń pe àwa tí a ti ìhà Nàìjíríà wá. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tí ó ti sunkún dé láti ilé ìwé rí nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Alata. Ó yíjú sí wa, ó ní, "Ṣé Alata tiwa yẹn náà ni?" A ní òun ni. Kò sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ó ní kí a ra ọ̀kan fún òun. Ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé títí di òní, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọṣẹ náà wẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ohun tí a fẹ́ sọ nìyẹn. A ti kọ́ àwọn ọmọ wa nínú yàrá pé kí wọ́n má tijú orílẹ̀ wọn. A ti bá wọn wí, a ti bá wọn jà. Ìdajì ọjọ́ kan lóko ṣe ohun tí ẹnu wa kò lè ṣe. Wọ́n fojú rí i pé àwọn ènìyàn wọn ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ yìí, pé wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ wọn. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Àwọn kan ní owó ìsìnkú àti owó ilé ìwòsàn ṣe pàtàkì jù. Òótọ́ ni, a kò sì ní fọwọ́ kan owó yẹn. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń dábàá ni pé kí olúkúlùkù ìdílé san owó ọkọ̀ tirẹ̀, kí ẹgbẹ́ san ti àwọn opó àti àwọn ọmọ wọn nìkan. Bí a bá dín àga àti gbohùngbohùn tí a ń háyà fún àríyá ọdún kù díẹ̀, yóò tó o.

Kí ó lè lọ déédéé, ẹ jẹ́ kí a fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn:

Èkíní, a gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ ṣáájú. Lọ́dún kejì a kò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi àwa tí a jẹ́ olórí sì ni. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn sí oko náà, a kò lè wọ̀ ọ́. Etí ọ̀nà ni a jókòó sí tí a jẹ oúnjẹ wa.

Èkejì, kí ọmọ wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Ejò àti agbọ́n kò mọ ọmọ àlejò. Òjò ṣì máa ń rọ̀ nínú oṣù kẹwàá, ilẹ̀ sì máa ń yọ̀.

Ẹ̀kẹta, ọmọ kò gbọdọ̀ ká ohunkóhun láìgba àṣẹ. Ohun tí a bá fẹ́, kí a rà á. Ọwọ́ òfo kò yẹ ẹni tí ń lọ kí olóko.

Ẹ̀kẹrin, kí bàbá àti ìyá bá ọmọ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọ ránṣẹ́ kí òun padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ọ̀nà bá jìn fún, ọgbà igi tó wà ní Legon kò jìnnà.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ wọn wà nínú ìjókòó yìí. Wọ́n ti san owó ọkọ̀ tiwọn fún ọdún yìí, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ san. Ẹ̀yin tí ó kù, akápò ń dúró dè yín.

Kí Ọlọ́run bùkún òwò wa. Kí ó bá wa wo àwọn ọmọ wa. Bí a ṣe ń lọ, kí a máa bọ̀ láyọ̀. A kò ní bá òkú pàdé lọ́nà. Àmín o.

Ire o.