Afẹ́fẹ́ Ẹnì Kejì: Ọ̀rọ̀ Lórí Gígùn Họ́ọ̀sì Amòòkùn

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òní bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ẹni tó ń fi gáàsì dáná mọ̀ pé gáàsì inú sílíńdà kì í bọ́ sórí sítóòfù bó ṣe wà. Agbára tó fi há sínú irin pọ̀ ju ohun tí iná ọbẹ̀ lè gbà lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń de régúlétọ̀ mọ́ ọn lórí, tí họ́ọ̀sì yóò sì gbé gáàsì tí agbára rẹ̀ ti dínkù lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó. Ohun tí àwọn tó ń mòòkùn fún ìgbádùn ń gbé wọ inú òkun jọ èyí gan-an, àfi pé ẹ̀dọ̀fóró èèyàn ló wà níbi tí sítóòfù yẹ kó wà.

Sílíńdà tó wọ́pọ̀ lẹ́yìn wọn máa ń gba lítà 12, wọ́n sì máa ń ki afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí yóò fi di 200 bar. Apá kìíní régúlétọ̀, tó wà lórí sílíńdà, á dín agbára yẹn kù sí nǹkan bíi 10 bar ju ti omi tó yí amòòkùn ká. Họ́ọ̀sì á gbé e dé apá kejì, èyí tí wọ́n kì bọnu. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà yóò ti rọlẹ̀ tán, tí yóò bá agbára omi dọ́gba, tí kò sì ní jáde àfi tí ẹni náà bá mí sínú.

Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan ló gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1943. Họ́ọ̀sì méjì tó nípọn ni tiwọn ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Nígbà tó di 1952, Ted Eldred ní ìlú Melbourne, ní Australia, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ tirẹ̀, Porpoise, tí họ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tín-ínrín. Bí họ́ọ̀sì ṣe di ohun tí èèyàn lè tú, kó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ni ìbéèrè ti dé: báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dáhùn ìbéèrè yìí bí ẹni tó ń ra ṣòkòtò. Ara wọn ni wọ́n ń wò. Ẹni tó ń mí dáadáa kò sì ní wàhálà kankan pẹ̀lú họ́ọ̀sì. Ẹni tí afẹ́fẹ́ tán lẹ́yìn rẹ̀ lójijì, ní mítà 20 sísàlẹ̀, tó ń wá ẹni tí yóò fún un ní ẹ̀mí, òun ló yẹ kí wọ́n fi wọn họ́ọ̀sì.

Láyé àtijọ́, ẹnu kan, ìyẹn apá kejì tí wọ́n ń kì bọnu, ni àwọn méjì ń pín. Ọ̀kan á mí lẹ́ẹ̀mejì, á yọ ọ́, á fún èkejì. Nínú adágún tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ̀rù ti bà dé góńgó tí yóò mí lẹ́ẹ̀mejì péré, kó sì dá afẹ́fẹ́ padà? Nígbà tó yá, wọ́n so ẹnu kejì mọ́ régúlétọ̀ kan náà. Títí di òní, bí wọ́n ṣe ń tò ó fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nìyí: họ́ọ̀sì ẹnu ti amòòkùn fúnra rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 70 sí 75, ó gba èjìká ọ̀tún wá sí ẹnu, ti àlejò, ìyẹn ẹni tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán, gùn tó mítà 1, ó sì máa ń jẹ́ àwọ̀ ìyeyè kí ojú tètè rí i, wọ́n á fi í kọ́ àyà. Ètò yìí ti gba ẹ̀mí là. Síbẹ̀ ó ní àbùkù: ẹnu kejì yìí lè já bọ́ kúrò láyà, kó máa wọ́ nínú iyanrìn, kí olówó rẹ̀ má sì mọ̀.

Ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà ni ọgbọ́n mìíràn ti wá. Àwọn ìsun omi ibẹ̀ mọ́ gaara, wọ́n sì ní ihò jíjìn tó ṣókùnkùn nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti kú. Sheck Exley, tíṣà ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama, jókòó ti ìròyìn ikú wọ̀nyẹn, ó ń wá ohun tó pa oníkálukú. Ní 1979 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde, *Basic Cave Diving: A Blueprint for Survival*, tó sọ ikú ẹlòmíràn di ẹ̀kọ́ fún alààyè. Exley ni wọ́n ń dárúkọ nídìí họ́ọ̀sì ẹsẹ̀ bàtà 7, ìyẹn nǹkan bíi mítà 2. Ìdí rẹ̀ kò le yé: àwọn ibìkan nínú ihò há débi pé èèyàn méjì kò lè gba ibẹ̀ kọjá pọ̀. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí èkejì tẹ̀ lé e. Họ́ọ̀sì mítà 1 kò lè ṣe é.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́ tún wá ṣe pàtàkì ju gígùn rẹ̀ lọ. Họ́ọ̀sì gígùn á gba abẹ́ apá ọ̀tún, á kọjá láyà lọ sí èjìká òsì, á yí ẹ̀yìn ọrùn po, á sì wọ ẹnu láti ọ̀tún. Ẹnu kejì, tó ní họ́ọ̀sì kúkúrú, á wà lábẹ́ àgbọ̀n, lórí okùn rọ́bà tí wọ́n fi kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí ẹnì kan bá sáré dé pé afẹ́fẹ́ tán, èyí tó wà lẹ́nu gan-an ni wọn yóò fún un. Olówó rẹ̀ á sì mú ti ọrùn. Ẹni tó ń kú lọ kì í wá àwọ̀ ìyeyè kiri. Ohun tó rí pé ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ló ń já gbà. Ètò yìí ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí kó tó ṣẹlẹ̀, ó sì dá a lójú pé afẹ́fẹ́ tí àlejò gbà dára, nítorí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ mí in tán ni.

Ṣé gbogbo èèyàn ló wá nílò ẹsẹ̀ bàtà 7? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú òkun gbalasa kò sí ihò tóóró, èèyàn méjì lè lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lérò tiwa, ẹsẹ̀ bàtà 5, nǹkan bíi mítà 1 ààbọ̀, ló bá amòòkùn ìgbádùn mu jù: ó yí ara po láìsí àṣẹ́kù, ó sì jẹ́ kí ẹni méjì jìnnà síra tó láti lúwẹ̀ẹ́. Bí ó bá kúrú jù, á máa fa eyín, àgbọ̀n á sì máa ro èèyàn. Bí ó bá gùn jù tí wọn kò sì ki àṣẹ́kù rẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́líìtì, omi á máa gbá a, á sì kọ́ ohun tó bá rí.

Ìṣirò ló fi ìwúlò ààyè tó wà láàárín àwọn méjì yìí hàn. Ní mítà 30, agbára omi àti ti ojú ọ̀run jẹ́ 4 bar. Ẹni tó ń lo lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀ yóò lo 80 níbẹ̀; ẹni méjì, 160. Bí 50 bar bá kù nínú sílíńdà lítà 12, lítà 600 nìyẹn, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan sì ni wọ́n fi ń gòkè, ìyẹn ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, láì tíì ka ìṣẹ́jú mẹ́ta ìdúró ní mítà 5. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já lè lo ìlọ́po méjì. Họ́ọ̀sì kúkúrú tó mú kí àwọn méjì máa kọlu ara wọn, kí wọ́n máa fa ara wọn lẹ́nu, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ. Èyí tó jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀ ń dá a padà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kí èèyàn fi afẹ́fẹ́ ẹlòmíràn yè kò sì jìnnà sí wa. Ní May 2013, ọkọ̀ Jascon-4 rì sí nǹkan bíi mítà 30 létí òkun Escravos ní Nàìjíríà. Harrison Okene, tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ náà, wà nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há síbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 60 kí àwọn amòòkùn tó wá kó òkú tó bá a láàyè. Wọ́n gbé akoto ìmòòkùn wọ̀ ọ́ lórí, afẹ́fẹ́ ẹlòmíràn ló fi jáde. Òun nìkan ló yè nínú ọkọ̀ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe dá lọ ra họ́ọ̀sì. Ẹ mú ẹni tí ẹ jọ ń mòòkùn dání. Ẹ wọ gbogbo ẹ̀wù yín, ẹ yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì, ẹ wò ó bóyá ó ń fa ẹnu. Ẹ sún rọ́bà tó bo ìsopọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ wò ó bóyá ó ti là. Kí ẹ tó wọ omi, ẹ na họ́ọ̀sì náà tán pátápátá, kó má lọ há sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi lé ẹnì kejì yín lọ́wọ́ lórí ilẹ̀ níbẹ̀, lójoojúmọ́ tí ẹ bá ń lọ.