Ẹni Tí A Fi Rọ́bà Ìtọ̀ Sí Lára: Ọ̀nà Mìíràn Wà

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ọmọ́lé, Ìkẹjà)

Ìwé owó ni ẹ mọ̀ wá mọ̀, ṣùgbọ́n ìlera ni a bá wá lónìí, nítorí ìlera loògùn ọrọ̀.

Bí ìtọ̀ bá sé mọ́ àgbàlagbà nínú, ilé ìwòsàn yóò ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àpò ìtọ̀ rẹ̀, kí ìtọ̀ lè máa dà sínú báàgì. Rọ́bà yìí ń gba ẹ̀mí là. A kò bú u. Ohun tí kò dára ni kí a gbé e kọ́ ara fún ọdún kan láìbéèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Bí ó bá fi máa pé oṣù kan lára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kòkòrò kò ní wọ inú ìtọ̀ rẹ̀. Rọ́bà a máa dí, òkúta a sì máa ṣù nínú àpò ìtọ̀.

Ohun tí ó fa àìsàn ni yóò fi ọ̀nà hàn.

Èkíní, bí ó bá jẹ́ pírọ́sítéètì ọkùnrin ni ó wú, oògùn wà tí ń dẹ ojú ọ̀nà ìtọ̀. Dókítà lè fún un, kí ó sì yọ rọ́bà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ láti wò bóyá yóò tọ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, iṣẹ́ abẹ wà.

Èkejì, bí àpò ìtọ̀ kò bá lágbára mọ́ nítorí àtọ̀gbẹ tàbí ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn, aláìsàn lè kọ́ láti máa fi rọ́bà fa ìtọ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀mẹrin sí mẹ́fà lójúmọ́, kí ó sì yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní 1972, Jack Lapides àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọwọ́ tí a fọ̀ mọ́ àti rọ́bà tí ó mọ́ tó fún èyí. Nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ìtọ̀ kàn ń dà lára rẹ̀ kò nílò rọ́bà inú. Kí a máa mú un lọ tọ̀ ní wákàtí méjì-mẹ́ta, kí a gbé póò sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí a lo páàdì, tàbí àpò tí ọkùnrin ń fi bo ojú ara.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, dókítà lè gba abẹ́ ìdodo fi rọ́bà sí i, kí ojú ara lè sinmi.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fa rọ́bà yọ nílé: bàlúù tí a fi omi kún ni ó dì í mú nínú. LASUTH kò jìnnà sí wa ní Ìkẹjà. Ẹni tí ó wà nínú ètò Ìlera Èkó, kí ó béèrè ohun tí wọn yóò san.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹgbẹ́ wàyí. Nínú ìwé tí a ń yẹ̀ wò, ẹ̀yáwó ìsìnkú a máa tètè jáde. Ti iṣẹ́ abẹ a máa dúró de onídùúró. Ẹ gbé e wá sí ìpàdé ọdọọdún, kí ẹ fi òfin tì í pé ẹ̀yáwó ìtọ́jú ni yóò ṣáájú. Ẹni tí a tọ́jú yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, yóò sì san án. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.