Ọdún Tí Sunshine Stars Já Wálẹ̀

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, ìfẹ́ ìlú ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Akọ̀wé wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ ti bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ náà ló máa padà sí." Mo gba ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Sunshine Stars ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ wa, tó já kúrò nínú líìgì àgbà ní ìparí sáà 2024/2025. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń bi ara wọn léèrè báyìí pé, "Ṣé wọ́n ṣì wà?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń dùn mí ju jíjá tí wọ́n já lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn tí kì í wo bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú líìgì àgbà wa, NPFL. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejìdínlógójì láàárín sáà kan, 19 nílé, 19 lóde. Tí wọ́n bá parí, àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn á já sí líìgì kejì, NNL, àwọn mẹ́rin mìíràn á sì gòkè rọ́pò wọn. Lọ́dún yẹn, àwọn mẹ́rin tó já ni Akwa United ti Uyo, Heartland ti Owerri, Lobi Stars ti Makurdi, àti tiwa.

Ẹ wo àwọn orúkọ yẹn dáadáa. Akwa United gba ife líìgì yìí lọ́dún 2021. Heartland ni Iwuanyanwu Nationale tí gbogbo wa ń bẹ̀rù nígbà èwe wa. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n. Ẹgbẹ́ tó gba ife lọ́dún náà, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, aládàáni ló ni ín, Kunle Soname. Àwọn kan ti tìtorí èyí sọ pé ìjọba kò lè ṣe bọ́ọ̀lù. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Rivers United tó ṣe ipò kejì, ìjọba ló ni ín. Enyimba ti Aba, tó gba líìgì yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, ìjọba náà ló ni ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ jinlẹ̀ ju pé ta ló ń san owó lọ.

Àwa tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án ni wá lọ́dún 1976. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún yẹn ni wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò lára Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ọdún yẹn kan náà ni IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn borí Tonnerre ti Yaoundé, tí wọ́n gba ife Cup Winners' Cup ti Áfíríkà. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó ti gba ife Áfíríkà rí ṣáájú wọn. Ìjọba ti yà wá kúrò lọ́dọ̀ Ìbàdàn o, ṣùgbọ́n rédíò kò yà wá. Ẹ rántí bí àwọn bàbá wa ṣe ń pé jọ sí ìdí rédíò kan ṣoṣo ládùúgbò, tí ẹni tó ni rédíò á máa yọ̀ǹga bí ọba. Gbogbo ọmọ tó bá ta bọ́ọ̀lù gba apá ọ̀tún lójúde, "Mathematical" ni á máa pe ara rẹ̀, nítorí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Muda Lawal ni tèmi. N kò tíì rí i sójú rí nígbà náà, síbẹ̀ mo lè sọ bó ṣe ń rìn.

Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ojú ni àwa fi kọ́ bí a ṣe ń fẹ́ràn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Etí la fi kọ́ ọ, lẹ́nu àwọn àgbà tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá.

Ó pẹ́ kí ìpínlẹ̀ tiwa náà tó ní ẹgbẹ́ tó lè bá àwọn ará Ìbàdàn dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó dé. Ní sáà 2010/2011, Sunshine Stars ṣe ipò kejì nínú líìgì, Dolphins ti Port Harcourt nìkan ló ṣáájú wọn. Lọ́dún 2011 yẹn kan náà, wọ́n bá ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù nínú Confederation Cup ti Áfíríkà, kí Club Africain ti Tùnísíà tó dá wọn dúró. Lọ́dún 2012, wọ́n tún wà nínú mẹ́rin tó kù, lọ́tẹ̀ yìí nínú Champions League, ìdíje tó ga jù ní ilẹ̀ adúláwọ̀. Al Ahly ti Cairo ni wọ́n bá pàdé.

Ìjẹ́bú-Òde ni a ti gbà wọ́n lálejò, lóṣù kẹwàá. Mo wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì méjì ló gbéra ní Ọ̀wọ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà, a gbé ìlù dání, àwọn kan gbé iyán sínú kúlà bí ẹni ń lọ sí ìgbéyàwó. Góòlù mẹ́ta sí mẹ́ta ló parí sí. Mẹ́ta, sí ẹnu Al Ahly! Nígbà tí a padà délé, ohùn mi ti há tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi ń bi mí léèrè pé ta ló kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi góòlù kan ṣoṣo borí wa ní ilẹ̀ wọn. Góòlù kan yẹn ló wà láàárín Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti àṣekágbá Áfíríkà. Al Ahly náà ló sì gba ife ọ̀hún lọ́wọ́ Espérance ní Tunis. Ẹ má gbàgbé pé lọ́jọ́ kìíní oṣù kejì ọdún yẹn, ó lé ní àádọ́rin ènìyàn tó kú níbi ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ní pápá Port Said níbi tí Al Ahly ti gbá bọ́ọ̀lù, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n dá líìgì Íjíbítì dúró. Ẹgbẹ́ tó ń ṣọ̀fọ̀, tí kò ní líìgì tó ń gbá nílé, ló lọ gba ife Áfíríkà. Èmi máa ń ronú nípa ìyẹn gan-an.

Láti ibẹ̀ wá sí 2025, mélòó ló jìnnà? Kódà lóṣù kẹfà ọdún 2023, tiwa wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́fà tó kù tí wọ́n jọ du ife líìgì ní Oníkan, l'Ékòó. Enyimba ló gbà á. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n já. Ní sáà tí wọ́n já yẹn, orí fóònù ni mo ti ń wo èsì ní alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọmọ mi obìnrin á wo ojú mi, á ní, "Dádì, ẹ fi àwọn èèyàn yìí sílẹ̀ o, ìfúnpá yín ńkọ́?" Mo ní kó lọ gbé omi tútù wá fún mi.

Àwọn ọmọ mi ọkùnrin ńkọ́? Manchester United ni wọn. Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ní sáà 2024/2025 kan náà yìí, United ṣe ipò kẹẹ̀ẹ́dógún nínú 20. Wọ́n tún pàdánù àṣekágbá Europa League sí ọwọ́ Tottenham, ẹgbẹ́ tó wà ní ipò kẹtàdínlógún! Mo rò pé àwọn ọmọ yẹn á bọ́ ẹ̀wù pupa náà sọnù. Rárá. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n tún wọ̀ ọ́ jáde. Ẹ lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí ní Ọ̀wọ̀ níbí, tàbí ní Ìfọ́n, ẹ ó rí wọn, wọ́n sanwó kí wọ́n tó wọlé lọ jẹ ìyà. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwọn ọ̀dọ́ wa kò ní sùúrù fún ẹgbẹ́ tí kò ṣe dáadáa, ẹ má gbà á gbọ́. Wọ́n ní in. Wọ́n ń ná an sí Manchester ni.

Mo bi èyí àbúrò nínú wọn pé kó dárúkọ agbábọ́ọ̀lù Sunshine Stars mẹ́ta fún mi. Kò lè dárúkọ ẹyọ kan. Ó mọ orúkọ ọmọ ọdún méjìdínlógún tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Old Trafford. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, àbí? Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ ọmọ náà. Níbo ni kó ti rí wọn? Ọ̀pọ̀ ìdíje líìgì wa kì í sí lórí tẹlifíṣọ̀n. Rédíò tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù fún wa ní 1976, tí ó sọ Muda Lawal di ẹbí mi, ti yí sí orin àti ìpolówó ọjà. Ẹ̀wù ẹgbẹ́ náà, ẹ wá a lọ sí Ọjà Ọba, bóyá ẹ ó rí ọ̀kan. Ti Chelsea ń bẹ níbẹ̀ bí iyanrìn. Agbábọ́ọ̀lù tó bá sì ta yọ, kí sáà kejì tó bẹ̀rẹ̀ ó ti lọ sí ibi tí wọ́n ti ń san owó rẹ̀ lásìkò. N kò dá a lẹ́bi. Ta ló ń ṣiṣẹ́ lófìfo?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwa ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ mọ̀ ju àwọn ará Àkúrẹ́ lọ: ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù. Kí ó tó parí, kí èrò tó tú, aago mẹ́fà ti kọjá. Láti Àkúrẹ́ dé Ọ̀wọ̀ níbí jẹ́ nǹkan bí 50 kìlómítà, ẹni tó ń lọ sí Ìfọ́n sì tún ní ìrìn níwájú. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ẹlẹ́gbẹ́ka lóṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí wọ́n pa Ọba Adégòkè Adéùsì, Olúfọ́n ti Ìfọ́n, lójú ọ̀nà bó ṣe ń darí bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú yìí ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, inú ṣọ́ọ̀ṣì. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí ọjọ́ ayẹyẹ. Mo kàn fẹ́ kí á kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí àwọn oníròyìn bá ń béèrè ìdí tí àga fi ṣófo ní pápá, ìbẹ̀rù wà lára rẹ̀. Bọ́ọ̀sì méjì tó lọ sí Ìjẹ́bú-Òde ní 2012, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò ṣíwọ́ níní ìfẹ́ bọ́ọ̀lù. Wọ́n ṣíwọ́ rírìn lálẹ́ ni.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí kò sí ẹni tó ń wò ó, kò sí ẹni tí ojú máa ń tì í. Tí wọ́n bá jẹ àwọn ọmọ náà lówó oṣù, ta ló máa gbọ́? Tí wọ́n bá pààrọ̀ kóòṣì lẹ́ẹ̀mẹta, ta ló máa bèèrè? Ní Ìbàdàn, tí 3SC bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ìyá alátá ní Dùgbẹ̀ á ti máa bínú sí gómìnà. Tiwa já, n kò sì rí ẹni méjì tó jà lórí rẹ̀ ní gbogbo Ìta Ọ̀wọ̀. Ìyẹn ni mo pè ní àdánù sáà náà.

Ẹ má rò pé jíjá ni òpin. Lọ́dún 2017, Shooting Stars já. Ọdún yẹn kan náà, Remo Stars náà já pẹ̀lú wọn. Remo gòkè padà, wọ́n tún já ní 2019. Ẹ fojú inú wo ó, wọ́n já lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́ta! Ní 2021, àwọn méjèèjì jọ gòkè padà. Remo ṣe ipò kejì ní 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024, lẹ́yìn náà ni Daniel Ogunmodede, kóòṣì wọn, kó wọn gba ife ní 2025. Nígbà tí wọ́n wà nísàlẹ̀, wọn kò ti ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ wọn, Beyond Limits; inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ọmọ. Ìkẹ́nnẹ́ kò tó Ọ̀wọ̀ ní títóbi o, ẹ jọ̀wọ́.

Alága, ìgbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní 2015, a jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹni tí ọdún rẹ̀ bá burú nínú wa, ọdún yẹn ni a máa lọ sílé rẹ̀ jù. A sì ti ń ṣe é. Àwọn tó wà níbí tí a ti dúró tì mọ ara wọn. Ohun kan náà ni mo fẹ́ ká ṣe fún àwọn ọmọ yìí, n kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti bá oní-bọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀, oníjókòó méjìdínlógún. Ìdíje mẹ́rin péré la máa lọ wò lọ́dún kan, ọ̀sán ni a ó gbéra. Tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, a kò ní rìn lálẹ́. A ó sùn ní Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n ti gbà, wọ́n ní kí a kàn mú iṣu Ọ̀wọ̀ dání. Kí olúkúlùkù mú ọmọ kan tàbí ọmọ-ọmọ kan wá. Àwọn tèmi lè wọ ẹ̀wù Manchester wọn wá bí wọ́n bá fẹ́, n kò ní lé wọn.

Àyè mẹ́sàn-án ti kún. Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ akọ̀wé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ kọ orúkọ yín kí oúnjẹ tó dé, nítorí mo mọ̀ yín.