Agbẹjọ́rò àti Yíyá Orúkọ Òwò
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn oníṣòwò ìjọ sọ ní àsìkò júbílì

Ìgbìmọ̀ ní kí a bá yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí ọmọ wa lè fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni a yàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹjọ́ ìpànìyàn tàbí ti ìjà ilẹ̀ tí gbogbo wa ti mọ̀. Ẹ̀ka òfin kan wà tí agbẹjọ́rò lè wà nídìí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdúró níwájú adájọ́ ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Òun ni ẹ̀ka tó jẹ mọ́ yíyá ẹlòmíràn ní orúkọ òwò, àmì ọjà àti ìlànà iṣẹ́, èyí tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kọ́ Faransé bí licence àti franchise.

Ẹni tó bá mọ ìṣákọ́lẹ̀ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Àlejò dé, onílẹ̀ fún un ní oko dá. Ó ń gbin iṣu àti àgbàdo, nígbà tó bá kórè, ó gbé nǹkan wá fún onílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kọfí tàbí kòkó láìgba àṣẹ, nítorí igi tó ń pẹ́ lórí ilẹ̀ lè sọ àlejò di onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti orúkọ. Ẹni tó ni ín kò tà á; ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìgbà kan, ní àdúgbò kan, ó sì ń gba owó lórí rẹ̀. Àmọ́ gbogbo abúlé ló mọ ẹni tó ni ilẹ̀, pèrègún sì wà lójú ààlà. Orúkọ kò ní pèrègún mìíràn ju ìwé lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn ìyá aláṣọ ní Lomé, àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí Nana Benz. Wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó aṣọ Vlisco wọlé láti Helmond ní Họ́lándì, pé àwọn nìkan ni yóò máa ta irú àwòrán báyìí báyìí. Àwọn ìyá ọjà ló ń sọ aṣọ lórúkọ. Èyí tó ní ẹyẹ àti àgò, gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí “Bí o bá jáde, èmi náà á jáde”, kò sì sí obìnrin tí kò mọ ẹni tó ń fi í bá wí! Orúkọ yìí ló ń ta aṣọ. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ló ni àwòrán, àṣẹ títà sì wà lọ́wọ́ ẹni tó fi í fúnni. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé owó CFA sí ìdajì, aṣọ òkèèrè sì gbówó lórí. Lẹ́yìn náà ni àfarawé láti Ṣáínà kún ọjà, àwòrán kan náà, owó pọ́ọ́kú. Òwò tó ra ọkọ̀ Mercedes rọ̀ wálẹ̀. A kò sọ pé ìwé nìkan ni ìbá dá ìjì náà dúró. Síbẹ̀, agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ìbá ti béèrè láti ọjọ́ kìíní pé: ta ló ni orúkọ tí ẹ̀yin ìyá fún aṣọ yìí?

Òfin tó dá ìbéèrè yìí lóhùn lọ́dọ̀ wa ni Àdéhùn Bangui ti ọdún 1977, tí wọ́n tún ṣe ní Bamako ní ọdún 2015. Àjọ OAPI, tó fìdí kalẹ̀ sí Yaoundé, ló ń bójú tó o. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú rẹ̀, Tógò àti Benin pẹ̀lú, ìforúkọsílẹ̀ kan ṣoṣo sì tó fún gbogbo wọn. Àmì ọjà ń lo ọdún 10, a sì lè tún un ṣe léraléra. Àwòrán aṣọ kò lè kọjá ọdún 15 lápapọ̀. Bí a bá yá ẹlòmíràn ní àmì ọjà, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì mú un wọ ìwé àkọsílẹ̀ OAPI, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò lè de ẹlòmíràn.

Nàìjíríà kò sí nínú àjọ yìí. Àwa Ifẹ̀ tí a ní ẹbí lọ́hùn-ún, kí a fi etí sí èyí. Orúkọ tí a gbà ní Èkó kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni ní Atakpamé, ti ibí kò sì dé Èkó. Lọ́dọ̀ wọn, ọdún 7 ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 14-14. Bí wọ́n bá yá orúkọ láti òkèèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ mú àdéhùn náà lọ sí ọ́fíìsì NOTAP láàrin ọjọ́ 60, kí báńkì tó lè fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Níbẹ̀ ni ilé oúnjẹ Mr Bigg’s, tí UAC dá sílẹ̀ ní ọdún 1986, ti yá ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní orúkọ rẹ̀.

Àwọn òfin OHADA tí a jọ ń lò kò ní orí kan pàtó fún franchise. Nítorí náà, ohun tí agbẹjọ́rò bá kọ ni yóò dúró. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá kan níbí ní orúkọ lórí gàrí rẹ̀, ẹnìkan láti Sokodé sì fẹ́ máa fi orúkọ náà ta tirẹ̀. Èló ni yóò máa san, lórí àpò tàbí lórí oṣù? Ta ni yóò máa yẹ gàrí náà wò, kí ó má baà kan? Ṣé ìyá náà lè fún ẹlòmíràn ní Sokodé kan náà? Bí àdéhùn bá parí, ta ló ni àpò tó ṣẹ́ kù, èyí tí orúkọ ti wà lára rẹ̀? Àwọn ará wa a máa sọ pé, “Àbúrò mi ni, kí la fẹ́ fi ìwé ṣe?” Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àbúrò gan-an ló yẹ kí a kọ ìwé fún, nítorí a kò fẹ́ pàdánù rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó.

Ọ̀nà iṣẹ́ yìí gùn. Ọmọ yóò kọ́ òfin ní Yunifásítì Lomé, yóò gba ìwé ẹ̀rí agbẹjọ́rò, yóò sì kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá. OAPI ní ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ Denis Ekani ní Yaoundé fún ẹni tó bá fẹ́ jinlẹ̀. Owó kì í tètè wọlé, nítorí àwọn oníbàárà kì í rántí agbẹjọ́rò àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ti ní orúkọ lórí ọjà rẹ̀ kò nílò láti dúró de ọmọ náà: ọ́fíìsì INPIT ní Lomé ni ó ń gba ìwé ìbéèrè fún OAPI lọ́wọ́ àwọn ará Tógò, a sì bẹ̀ yín kí ẹ béèrè iye owó rẹ̀ níbẹ̀ fúnra yín, kì í ṣe lọ́wọ́ alágbàṣe ọ̀nà.