Balógun Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Nígbà Tí Nǹkan Bá Le

Ẹni tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni balógun láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó so ọ̀já mọ́ apá, kí ó bọ rẹfirí lọ́wọ́, kí ó sì gba ife bí wọ́n bá borí. Iṣẹ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin bọ́ọ̀lù kò fún balógun ní àǹfààní tí ó ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ; ohun tí ó fún un ni ẹrù, pé kí òun náà máa dáhùn fún ìwà wọn. Àgbà kì í sáà wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun ó wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, ọdún 1950, ní pápá Maracanã ní ìlú Rio de Janeiro. Bràsíìlì àti Uruguay ni wọ́n ń du Ife Àgbáyé. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, Bràsíìlì ni yóò gba ife. Èrò tí ó wà níbẹ̀ lé ní 170,000, ti Bràsíìlì ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì tí Friaça fi gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n Uruguay. Ariwo gba gbogbo pápá kan.

Kí ni Obdulio Varela, balógun Uruguay, ṣe? Ó gbé bọ́ọ̀lù há abíyá, ó rọra lọ bá rẹfirí, ó ní ọ́fúsáìdì ni. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Rẹfirí kò yí ìdájọ́ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n Varela fúnra rẹ̀ ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ohun tí òun ń fẹ́ ni kí eré náà tutù. Àyè ni ó wá fún àwọn ènìyàn rẹ̀: àyè láti mí, àyè láti ronú. Nígbà tí ó yá, Schiaffino dá góòlù náà padà. Nígbà tí ó ku bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá, Ghiggia gbá èkejì wọlé. Uruguay ni ó gba ife.

Lónìí, rẹfirí lè fún ẹni tí ó bá gbé bọ́ọ̀lù dání bẹ́ẹ̀ ní káàdì ìkìlọ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò yí padà. Bí góòlù bá wọlé, kí balógun dé ọ̀dọ̀ aṣọ́lé kí èébú àwọn yòókù tó dé ibẹ̀. Bí ìdájọ́ bá dùn wọ́n, kí òun nìkan bá rẹfirí sọ̀rọ̀, kí ó sì ti àwọn tí inú ń bí sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò pa iná kì í di epo sọ́wọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje, ọdún 2006, ní Berlin, ọ̀rọ̀ tí agbábọ́ọ̀lù Ítálì kan sọ bí Zinedine Zidane, balógun Faransé, nínú, ó sì fi orí kàn án láyà. Káàdì pupa lé e jáde. Pẹ́náritì ni Ítálì fi borí, 5 sí 3. A kò lè búra pé Faransé ìbá borí bí ó bá wà níbẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé, ní wákàtí tí wọ́n nílò olórí jù lọ, olórí ti lọ.

Ẹ wá wo ti àwọn ọmọbìnrin wa. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, ọdún 2025, ní Rabat, Mòrókò ti gbá góòlù méjì wọlé Nàìjíríà kí ìdajì kìíní tó parí, níwájú èrò ìlú wọn. Rasheedat Àjíbádé ni balógun wa. Àwọn ọmọ náà kò jáyà. Góòlù mẹ́ta ni wọ́n gbá ní ìdajì kejì, wọ́n sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní ìgbà kẹwàá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní bọ́ọ̀lù, bí ẹ bá ń yan balógun, ẹ má wo ẹsẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lè wà láàárín wọn kí ó má jẹ́ olórí. Ẹ wo ẹni tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá dojú rú, tí wọ́n sì ń bá ìfọ̀kànbalẹ̀ níbẹ̀.